Rọ́bà tí a ta létí yàrà Ìbíní

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ dàgbà ní Ìbíní kí Ìpínlẹ̀ Ẹdó tó yọ lára Bendel ní 1991, ẹ ó rántí rọ́bà tí à ń ta. Igi tó ya ẹ̀ka méjì là ń gé, a ó so rọ́bà tíúbù mọ́ ọn, a ó fi awọ bàtà gbígbó ṣe ibi òkúta. Etí Iya, yàrà àtijọ́ tó yí ìlú ká, la ti ń dọdẹ alángbá.

Lọ́jọ́ kan, òkúta wa ṣìnà, ó ba ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Ẹdó, lókè ojú. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, a sá. Ìyá rẹ̀ wá wa rí. Kò bèèrè ta ni Yorùbá: ẹ̀gbọ́n ọmọ náà jẹ nínú ẹgba bíi tiwa. Lẹ́yìn náà ló bu oúnjẹ fún gbogbo wa nínú abọ́ kan náà. Ọpẹ́ ni pé ojú náà kò fọ́.

Lónìí, ìbọn oníke tó ń yọ ọta wẹ́wẹ́ làwọn òbí ń rà fọ́mọ nígbà ọdún. Ọta yẹn náà lè fọ́ ojú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ má jẹ́ ká fowó wa ra ohun tí yóò fọ́ ojú ọmọ aládùúgbò.