Olówó àti oníṣẹ́: báwo la ṣe ń pín èrè?

Bí ọmọ wa kan bá mọ ètò tẹlifóònù ṣe, tí ẹ̀gbọ́n kan sì gbé owó sílẹ̀ fún un, ibo ni ìjà ti máa ń wá? Níbi èrè ni.

Owó tó wọlé kọ́ ni èrè o. Ká ní 1.000.000 F CFA wọlé lọ́dún, tí íntánẹ́ẹ̀tì, owó orí àti owó oṣù oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ kó 600.000 lọ. Ó ku 400.000. Bó bá jẹ́ SARL, òfin OHADA ní ká fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pamọ́, ìyẹn 40.000, títí ìpamọ́ náà yóò fi tó ìdá kan nínú márùn-ún owó ìdásílẹ̀. 360.000 la lè pín. Bí ìwé bá fún olówó ní 40 nínú 100, 144.000 ni tirẹ̀. Oníṣẹ́ gba 216.000.

Òfin yìí kan náà, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń lò, kò gbà kí ẹnì kan kó gbogbo èrè, tàbí kó ní òun ò ní pín nínú àdánù rárá. Ẹni tí kò bá fẹ́ àdánù, kó kúkú yá ọmọ náà lówó.

Oníṣẹ́, jẹ́ kí wọ́n kọ iye ètò tí o ti ṣe sínú ìwé, kó má dà bíi pé ọwọ́ lásán lo mú wá. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nì kan ò ní. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó dé.