BÍ A TI Í TỌ́JÚ ẸNI TÍ A PÀÀRỌ̀ ORÍKÈÉ ÌBÀDÍ FÚN

Oríkèé ìbàdí ni ibi tí orí egungun itan gbé ń yí nínú egungun ìbàdí, bí orí ọmọ odó ti í yí nínú odó. Bí ọjọ́ ogbó, ìṣubú tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde bá ba oríkèé yìí jẹ́, ìrìn a di ìnira, oorun a sì dá lójú onítọ̀hún. Ní ọdún 1962, ní ilé ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà John Charnley fi orí onírin àti ihò oníke rọ́pò irú oríkèé bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ abẹ tí a ń ṣe lónìí, ní ilé ìwòsàn egungun ti Igbóbì ní Èkó pẹ̀lú.

Wákàtí díẹ̀ ni dókítà fi í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ìmúláradá gba oṣù púpọ̀, ọwọ́ ará ilé ni ó sì wà. Títí ẹran ara tí ó di oríkèé náà mú yóò fi san, orí onírin náà lè yẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀ bí aláìsàn bá tẹ ìbàdí jù.

Nítorí náà, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, bí dókítà bá ti pàṣẹ, kí aláìsàn má ṣe dọ̀bálẹ̀, kí ó má ṣe kúnlẹ̀, kí ó má sì lóṣòó. Ọmọ tí ó bá kí àgbà lórí ìdúró ní irú àkókò yìí kò ṣe àfojúdi. Àgbà tí ó bá rí i, kí ó tètè wí pé: "Dúró jẹ́ẹ́, ọmọ mi; ìkíni rẹ ti dé." Mùsùlùmí lè jókòó lórí àga kírun, nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ gba aláìsàn láàyè bẹ́ẹ̀.

Kí a pèsè àga gíga fún un, kí orúnkún rẹ̀ má bàa ga ju ìbàdí lọ. Àpótí ìdáná kò yẹ ẹ́. Kí a gbé àga tí a dá ihò sí láàárín sórí ṣáláńgá. Orí ibùsùn ni kí ó sùn, kì í ṣe orí ẹní, kí ó fi ìrọ̀rí sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ó má sì gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà tàbí ní ọjọ́ kejì ni àwọn nọ́ọ̀sì í ti í mú un dìde rìn. Nígbà tí ó bá di ọ̀pá kan ṣoṣo mú, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí a ṣe ni kí ó fi mú un. Bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí ó dá ni kí ó kọ́kọ́ gbé. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tí a ṣe ni kí ó ṣáájú.

Bí ojúgun bá wú tí ó sì ń dun ni, bí èémí bá ṣàdédé ń ká ni lára, bí ara bá gbóná, bí ọgbẹ́ bá ń ṣọyún, tàbí bí ẹsẹ̀ bá kúrú lójijì, kí a gbé e padà sí ilé ìwòsàn lọ́gán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ́ ẹsẹ̀ náà tàbí kí ó fà á. Kí aláìsàn má sì dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró fúnra rẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ bá fi sùúrù tọ́jú yóò tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọjà.