Ààlà kò dá ẹ̀rù dúró: àrùn kòrónà àti ìlera ọkàn

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kéde pé àrùn kòrónà ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tó di ọjọ́ 30, wọ́n pààlà yí Kùtọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn ní gúúsù ká, kí àrùn náà má baà tàn kálẹ̀. Boni, ní Sábẹ, kò sí nínú ààlà náà. Ṣùgbọ́n ààlà kò dá ẹ̀rù dúró. Ẹ̀rù gba orí rédíò àti tẹlifóònù kọjá.

Àjàkálẹ̀ àrùn kì í bá ara nìkan jà. Ó ń bá ọkàn jà pẹ̀lú, ìjà náà sì ń yí padà bí oṣù ti ń gorí oṣù.

Ìpayà ló kọ́kọ́ dé. Bí ẹnì kan bá wúkọ́, àwọn tó wà nítòsí a sún sẹ́yìn. Ọkọ̀ èrò kò gbọdọ̀ kọjá ààlà mọ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kùtọnu kò lè rí i, àfi kó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Oorun kò rọrùn fún irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìdánìkanwà dé. Wọ́n ti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì dín ìkórajọ kù. Láàárín Yorùbá, ẹnì kan kì í dá ọ̀fọ̀ ṣe. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú lákòókò náà kò rí ọ̀pọ̀ olùbánikẹ́dùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbànújẹ́ tí a kò rí ẹni bá pín a máa pẹ́ nínú.

Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, wọ́n ṣí ààlà náà. Ìpayà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì gba ipò rẹ̀. Nàìjíríà ti ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Ọjà tí kò tà di gbèsè, gbèsè sì di ìrònú.

Kì í ṣe ilẹ̀ yìí nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, sọ pé ní ọdún àkọ́kọ́ àjàkálẹ̀ náà, àìbalẹ̀ ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ sí i. Níbi tí èèyàn 100 ti ń jìyà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n di 125.

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023, OMS kéde pé pàjáwìrì náà ti parí. Ṣùgbọ́n ọkàn kì í tẹ̀lé ìkéde. Bí ẹnì kan kò bá rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí iṣẹ́ sú u, tàbí tó ń fi ọtí pa ìrònú, tí èyí sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ó sọ ọ́ fún ẹni tó fọkàn tán, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ará ilé má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn àgbà ní: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.