Bí Alágbàtà Bá Jẹ Owó Ìdójútòfò Yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó wà ní Akówọnjọ àti ní gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́, púpọ̀ nínú yín ni ó mọ ohun tí à ń pè ní ìdójútòfò, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní ìnṣọ́ráǹsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa san owó díẹ̀díẹ̀ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan, kí ilé-iṣẹ́ náà lè fi gbé ẹni tí òfò bá ṣe dìde. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ọjà mìíràn tí ẹ ń rà. Bí ẹ bá ra oúnjẹ adìẹ tí wọ́n ti po iyanrìn mọ́, ẹyin tí ẹ ó kó láìpẹ́ ọjọ́ ni yóò sọ fún yín. Bí alájọ bá kó owó yín lọ, ìparí oṣù ni àṣírí rẹ̀ yóò tú. Ṣùgbọ́n ìwé ìdójútòfò tí kò ní nǹkan kan nínú lè wà nínú àpótí akọ̀wé ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́ta, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì fi ọkàn balẹ̀ lórí rẹ̀, títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ bá dojú dé. Ọjọ́ náà ni ẹ ó tó mọ̀ pé bébà lásán ni. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi dùn mọ́ ọlọ́sà nínú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá dá ọjà. Aṣojú ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò ni ẹni tí ilé-iṣẹ́ kan rán jáde láti ta ọjà rẹ̀. Alágbàtà ni ẹni tí ó dúró láàárín yín àti ilé-iṣẹ́, tí ó ń bá yín wá èyí tí ó yẹ yín. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọwọ́ NAICOM, èyí tí í ṣe àjọ ìjọba tí a fi òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 1997 láti máa mójú tó gbogbo iṣẹ́ ìdójútòfò ní Nàìjíríà. Àwọn alágbàtà sì ní ẹgbẹ́ tiwọn tí òfin mọ̀, orúkọ rẹ̀ ni NCRIB. Ẹni tí ó ń gba owó kiri lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń tún ìwé ọkọ̀ ṣe, tí kò ní ọ́fíìsì, tí kò sì lè fi ìwé àṣẹ hàn, kì í ṣe alágbàtà rárá, bí ó ti wù kí òǹtẹ̀ rẹ̀ dán tó. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń gba owó kiri ni alájọ Ṣómólú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò ju mélòó kan lọ. Òmíràn a tẹ ìwé èké jáde fúnra rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà kò gbọ́ nípa yín rí. Òmíràn ní ìwé àṣẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò gba owó yín, yóò sì fi ṣe nǹkan mìíràn, pẹ̀lú ìrètí pé òfò kò ní ṣe yín kí ó tó dá a padà. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù lójú tèmi, nítorí pé ó ṣòro láti rí: yóò gba owó ìdójútòfò tí ó kárí ọkọ̀ yín pátápátá, yóò sì ra ti ẹni-kẹta nìkan fún yín. Ìwé tí ẹ gbà kì í ṣe èké. Àmọ́ bí ọkọ̀ yín bá jóná, ẹni tí ọkọ̀ yín bá pa lára nìkan ni ìwé náà lè ràn lọ́wọ́.

Nítorí náà, iye owó fúnra rẹ̀ lè ta yín lólobó. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, NAICOM fi iye tuntun lélẹ̀ fún ìdójútòfò ẹni-kẹta: ₦15,000 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni, tí ó jẹ́ ₦5,000 tẹ́lẹ̀, ₦20,000 fún ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrù ẹni tí ó ni ín, ₦100,000 fún ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gba owó ẹrù, ₦5,000 fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ₦3,000 fún alùpùpù. Ìdójútòfò tí ó kárí gbogbo kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ yín fi ń kó ẹyin gba Ẹgbẹ́dá lọ sí ọjà bá tó ₦6,000,000, owó rẹ̀ kò lè dín ní ₦300,000. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò ṣe é fún yín ní ₦80,000, ẹ bi í léèrè ibi tí ìyókù yóò ti wá.

Bí ẹ bá ti san owó tán, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ òfò kí ẹ tó yẹ ìwé wò. Ti ọkọ̀ kò ṣòro. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò ní àkójọ orúkọ ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní NIID; ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, kí ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín sí i, yóò sì fi hàn bóyá a mọ̀ yín. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2025 tí ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé yìí lójú pópó, ìwé èké ti di wàhálà fún awakọ̀ pẹ̀lú. Ti adìẹ, ẹja àrọ̀ àti oko kò sí nínú NIID. Fún ìwọ̀nyí, ẹ kọ lẹ́tà tààrà sí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, kí ẹ sì wá àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ fúnra yín. Ẹ má ṣe gbà á lẹ́nu alágbàtà. Bí ó bá jẹ́ NAIC ni ó ní òun ń bá ṣiṣẹ́, ẹ tọ NAIC lọ. Ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ni, tí ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1987, ni NAIC jẹ́, a sì ṣètò rẹ̀ kí ìjọba máa bá àgbẹ̀ san ìdajì owó lórí àwọn ohun ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn kan. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ iye tí ó kàn yín láti ẹnu wọn.

Nísinsin yìí, bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti sọ owó wọn nù nítorí pé wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Òfin ìdójútòfò ọdún 2003, ní abala 50, sọ ohun méjì. Ó sọ pé bí a kò bá san owó, kò sí ìdójútòfò; èyí ni ilé-iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ kà sí yín létí. Ṣùgbọ́n abala náà kan náà sọ síwájú sí i pé owó tí alágbàtà gbà lórí ọjà tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá, bí ẹni pé a san án fún ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé bí alágbàtà tí ó ní ìwé àṣẹ bá gba owó yín, tí ilé-iṣẹ́ sì wà nínú àdéhùn náà, ilé-iṣẹ́ kò kàn lè sọ pé owó kò dé ọwọ́ àwọn. Àwọn àti alágbàtà ni yóò jọ yanjú ìyẹn. Òfin mìíràn ti rọ́pò ti 2003 ní ọdún 2025, nítorí náà ẹ mú ọjọ́ tí ẹ san owó lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń bá lọ́yà sọ̀rọ̀, kí ó lè mọ èyí tí yóò gbà yín là. Ẹni tí ó san owó fún ayédèrú alágbàtà kò ní ilé-iṣẹ́ tí yóò dì mú, àfi olè náà. Ẹ rí i pé ìwé àṣẹ tí a ní kí ẹ béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Ẹ̀rí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Akápò tí ó ka owó lé alágbàtà lọ́wọ́ lábẹ́ igi kò ní nǹkan tí yóò fi han adájọ́. Ẹ gba báńkì san án, sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ náà. Bí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ kó rìsíìtì, ìwé báńkì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí alágbàtà fi ránṣẹ́ sórí fóònù jọ, kí ẹ tó bá a jà. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NAICOM, àti sí NCRIB bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ti jìbìtì jẹ́ ti ọlọ́pàá tàbí EFCC: òfin ọdún 2006 lórí gbígba owó pẹ̀lú irọ́ fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ogún lélẹ̀, láìsí àyè owó ìtanràn. Fún owó yín tí kò bá ju ₦5,000,000 lọ, Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣí kóòtù gbèsè kéékèèké láti ọdún 2018. Ẹ ó kọ́kọ́ fún ẹni náà ní ìwé pé kí ó san gbèsè rẹ̀, kí ẹ tó pè é lẹ́jọ́, ẹ sì lè dá rọ̀jọ́ láìní lọ́yà.

Bí alágbàtà bá wá bẹ̀ yín lóru pẹ̀lú ìdajì owó, ẹ lè gbà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdajì ni, pé iye báyìí ni ó kù. Bí ó bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ kò ní sọ fún ọlọ́pàá mọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ sí i.