Ọ̀gá iṣẹ́ fẹ́ san owó fásitì yín? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé

Kì í wọ́pọ̀ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ fún un pé iléeṣẹ́ fẹ́ rán an lọ sí fásitì, àti pé iléeṣẹ́ ló máa san gbogbo owó. Lójú ẹbí àti ọ̀rẹ́, oríire ńlá ni.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn kan ń fi ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ san owó náà padà. Àwọn míì kàwé tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà kò ní ìtẹ́wọ́gbà níbi tí wọ́n fẹ́ lò ó.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pàdé ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso. Ibẹ̀ ni iléèwé kan wà tí ìjọba orílẹ̀èdè 14 dá sílẹ̀ láti kọ́ àwọn tó máa bá wọn ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni olú iléeṣẹ́ àjọ tó ń sọ bóyá ìwé ẹ̀rí fásitì kan kájú òṣùwọ̀n fún orílẹ̀èdè 19 wà.

Iléèwé tí ìjọba dá sílẹ̀ nítorí òṣìṣẹ́

Lọ́dún 1968, orílẹ̀èdè 14 tó ń sọ èdè Faransé nílẹ̀ Áfíríkà para pọ̀ dá iléèwé EIER sílẹ̀ ní Ouagadougou. Benin, Togo, Niger àti Côte d'Ivoire wà lára wọn. Wọ́n fẹ́ kó máa kọ́ àwọn ẹnjiníà tó máa bójú tó omi àtàwọn iṣẹ́ ìdàgbàsókè ní ìgbèríko. Lọ́dún 1970, wọ́n dá èkejì rẹ̀, ETSHER, sílẹ̀ ní Kamboinsé tó wà létí ìlú náà.

Bí ètò náà ṣe rí kò le rárá. Ìjọba á rán akẹ́kọ̀ọ́ wá, á san owó rẹ̀, tó bá sì parí, á padà sílé lọ ṣiṣẹ́ ìjọba. Kò sídìí láti máa béèrè ohun tí ìwé ẹ̀rí náà wúlò fún, torí pé iṣẹ́ ti ń dúró de ẹni tó gbà á.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìjọba dín ìgbanisíṣẹ́ kù, nǹkan yí padà. Iléèwé méjèèjì di ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ sì di 2iE. Lónìí, ẹbí àtàwọn iléeṣẹ́ wà lára àwọn tó ń san owó níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ sì lè kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí náà ìtẹ́wọ́gbà ìwé ẹ̀rí di ọ̀rọ̀ pàtàkì. Lọ́dún 2009, CTI, àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà wò ní France, fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà 2iE. Ẹni tó kàwé ní Ouagadougou wá lè gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ síwájú agbanisíṣẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ iléèwé náà rí.

Ta ló ń sọ bí ìwé ẹ̀rí ṣe níyì tó?

Nínú ìlú kan náà ni àjọ CAMES wà. Ọdún 1968 ni àwọn olórí orílẹ̀èdè dá a sílẹ̀ láti mójú tó ẹ̀kọ́ gíga. Láti ọdún 1972 ló ti ń yẹ ìwé ẹ̀rí fásitì wò, kí èyí tí wọ́n gbà ní orílẹ̀èdè kan lè ní ìtẹ́wọ́gbà ní èkejì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ni CAMES ń fọwọ́ sí, kì í ṣe gbogbo ohun tí iléèwé kan ń kọ́ni lápapọ̀. Iléèwé kan lè ní ìwé ẹ̀rí ìṣirò owó tí CAMES gbà wọlé, kí ti ìmọ̀ òfin tó ń kọ́ni má sí nínú àkọsílẹ̀ náà.

Tí iléèwé bá wá gbé pátákó síta pé CAMES mọ òun, ìbéèrè tó kàn ni pé: èwo nínú àwọn ìwé ẹ̀rí yín ni?

Nàìjíríà kò sí nínú orílẹ̀èdè 19 náà. Ìwé ẹ̀rí tó ní ìtẹ́wọ́gbà ní Cotonou, Lomé àti Ouagadougou ṣì ní láti gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní Abuja kọjá. Fún Yorùbá tó ń gbé ní Kétu tàbí Pọ́bẹ̀, tí ìbátan rẹ̀ sì wà ní Ìmẹ̀kọ tàbí Ìlaròó, ọ̀rọ̀ ńlá nìyí.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan gba ìwé ẹ̀rí fásitì ní Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó kàwé wọn ní tòótọ́ náà kò ráyè bọ́ nínú ìdádúró yẹn.

Ṣé àpò ọ̀gá ni owó náà ti ń wá?

Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Ní Nàìjíríà, àjọ ITF ti wà láti ọdún 1971. Òfin rẹ̀ ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Iléeṣẹ́ tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ lè béèrè pé kí wọ́n dá apá kan owó náà padà fún òun.

Burkina Faso náà ní àpò owó ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀, FAFPA. Ní Britain, láti oṣù Kẹrin ọdún 2017, iléeṣẹ́ tí owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn lọ lọ́dún ń san owó orí ìkọ́ṣẹ́, wọ́n sì lè lò ó láti fi rán òṣìṣẹ́ lọ gba ìwé ẹ̀rí fásitì.

Ní Amẹ́ríkà, Starbucks bẹ̀rẹ̀ ètò kan pẹ̀lú fásitì Arizona State lọ́dún 2014, níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè kàwé gboyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin ibẹ̀ tún gbà kí agbanisíṣẹ́ san tó dọ́là 5,250 lọ́dún lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́, láì gba owó orí lórí rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà.

Nítorí náà, kò yẹ kí ìtìjú dá yín dúró láti béèrè ìbéèrè. Oore lásán kọ́ ni ọ̀pọ̀ ìgbà. Iléeṣẹ́ náà ní èrè tó fẹ́ jẹ níbẹ̀.

Bọ́ǹdì: ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dójú ẹ̀

Bọ́ǹdì ni àdéhùn pé òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán níwèé kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún iye ọdún kan lẹ́yìn tó bá parí. Tó bá lọ ṣáájú, á dá owó padà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní iléeṣẹ́ kan ní Ouagadougou san mílíọ̀nù méjì owó CFA fún òṣìṣẹ́, àdéhùn sì ni pé yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Òṣìṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn ọdún kan. Tí ìwé àdéhùn bá ní gbèsè náà ń dín kù bí ọjọ́ ṣe ń lọ, mílíọ̀nù kan ló máa san. Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè béèrè mílíọ̀nù méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Iléeṣẹ́ náà ní ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, àjọ TETFund ti ké gbàjarè nípa àwọn olùkọ́ fásitì tó rán lọ kàwé lókè òkun, tí wọn kò padà wá mọ́. Tí ẹnì kan bá sá lọ, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ìlẹ̀kùn máa ń tì mọ́.

Ìbéèrè márùn-ún tó yẹ kí ẹ béèrè

1. Ọdún mélòó ni mo gbọ́dọ̀ lò lẹ́yìn tí mo bá parí, ọjọ́ wo sì ni kíkà rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀?

2. Tí iléeṣẹ́ bá dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, ṣé mo ṣì jẹ gbèsè?

3. Tí mo bá fìdí rẹmi, tàbí tí àìsàn dá mi dúró, ta ló máa san owó náà?

4. Tí mo bá gba ìwé ẹ̀rí tán, ṣé ipò àti owó oṣù mi máa yí padà? Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?

5. Ta ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yìí gan-an, ṣé ó sì ní ìtẹ́wọ́gbà ní orílẹ̀èdè tí mo lè fẹ́ gbé lọ́la?

Ìbéèrè karùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbójú fò, torí kì í ṣe àwọn ló ń sanwó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀gá lè yí padà, iléeṣẹ́ náà lè kógbá sílé. Ìwé ẹ̀rí nìkan ló máa bá òṣìṣẹ́ dé ibi iṣẹ́ tó kàn.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé àdéhùn náà, kí ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ òfin bá yín kà á kí ẹ tó mú gègé.