Tíṣà Ríṣẹ́ Sí Tamale, Kí Ni Ẹni Tó Bá A Lọ Yóò Máa Ṣe Níbẹ̀?

Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Tamale, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, bá fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Owó oṣù àti kíláàsì tí yóò máa kọ́, ti tíṣà ni gbogbo rẹ̀. Aya tí ń ta aṣọ ní Gbági, tàbí ọkọ tí ń tún fóònù ṣe ní Òṣogbo, tí yóò palẹ̀ ẹrù mọ́ tẹ̀lé tíṣà yìí, kò sí nínú ìwé náà rárá. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni tí kò sí nínú ìwé yìí ni ó wà, bóyá ìdílé náà yóò fìdí múlẹ̀ ní Tamale tàbí wọn yóò padà wálé kí ọdún tó yípo.

Láyé àtijọ́, irú ìbéèrè yìí kì í da àwọn baba wa láàmú. Kí ó tó di 1969, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí àti Ìlọrin ti sọ Tamale di ilé. Ọkọ ní ìsọ̀ tirẹ̀, aya ní igbá tirẹ̀, olúkúlùkù sì mọ owó tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan, J. S. Eades, ṣe ìwádìí láàrin wọn, ó sì kọ odidi ìwé lé òwò wọn lórí, èyí tó jáde ní 1993. Ìyàwó tó bá ọkọ rẹ̀ débẹ̀ nígbà náà, ọjà ló ń lọ. Àwọn ará ilé tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ni yóò fọ̀nà hàn án.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó máa lọ. Ọjà tí wọ́n ti ń ná láti ogójì ọdún tú láàrin ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tí wọ́n bí sí Tamale, tí wọn kò tẹ ilẹ̀ Yorùbá rí, gun ọkọ̀ wálé. (Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ghana nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shagari náà ní kí àwọn ará Ghana kúrò nílẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.)

Lónìí, ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ti yí padà nítorí ECOWAS. Òótọ́ ni pé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 1979 jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà wọ Ghana láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a wọ ìlú, ọ̀tọ̀ ni kí a gbé ibẹ̀, ọ̀tọ̀ pátápátá sì ni kí a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni yóò bá tíṣà gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ẹni tó tẹ̀lé e lè gba ìwé ìgbélùú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí tíṣà ń bọ́, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kì í ṣe àṣẹ láti ṣiṣẹ́.

Ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ gan-an ni Òfin 865 ti ọdún 2013. Òfin náà fi ọjà títà nínú ọjà, ìkiri àti ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ Ghana nìkan. Ó fi irun ṣíṣe, irun gígẹ̀, takisí wíwà àti omi inú ọ̀rá ṣíṣe kún un. Àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò rírà àti títà gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kí ó sì gba ogún ọmọ Ghana tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Ta ni nínú àwọn ìyá aláṣọ wa ni ó ní mílíọ̀nù dọ́là? Ní 2019 àti 2020, wọ́n ti ìsọ̀ ọmọ Nàìjíríà pa ní Kumasi àti Accra lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Iṣẹ́ tí Yorùbá fi ń gbé àjò tẹ́lẹ̀ gan-an ni òfin gbẹ́sẹ̀ lé.

Bóyá owó tíṣà nìkan á tó? Kí a má tan ara wa jẹ nítorí ọ̀rọ̀ náà “international”. Ghana International School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955 àti Lincoln tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, Accra ni wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó fi “international” kún orúkọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọmọ ìlú ni wọ́n ń kọ́, owó ìlú ni wọ́n sì ń san. Cedi tí ó tó ẹnì kan lò lè máà tó ẹni mẹ́rin.

Kì í ṣe owó nìkan. Lọ́jọ́ tí tíṣà bá dé, ó ti ní àwọn ọmọ tó ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kejì wà nílé, nínú ìlú tó tó 600 kìlómítà sí Accra, níbi tí wọ́n ti ń sọ Dagbani, tí ooru oṣù kẹta sì le ju ti Ìbàdàn lọ. Ẹni tó bá gbọ́ Hausa yóò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mùsùlùmí yóò tètè rí ẹgbẹ́, nítorí àwọn ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìyàwó ni tíṣà, tí ọkọ ni ń tẹ̀lé, ẹnu ẹbí nílé tún ń dúró dè é.

Kì í ṣe pé ọ̀nà dí pátápátá. Tamale kún fún àwọn àjọ aláàánú, yunifásítì UDS ti wà níbẹ̀ láti 1992, ilé ìwòsàn ńlá sì wà níbẹ̀: nọ́ọ̀sì tàbí akáǹtáǹtì lè wá ẹni tí yóò gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún òun fúnra rẹ̀. Ìlú òrí ni Tamale pẹ̀lú. Òfin 2013 kò béèrè owó-ìpìlẹ̀ ńlá yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe nǹkan jáde àti àwọn tó ń kó ọjà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ọmọ Ṣakí tàbí Ìgbòho kò sì nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ohun tí òrí jẹ́. Àmọ́ kí ó tó gbé ẹsẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì GIPC, nítorí òfin lè yí padà.

Èyí tó rọrùn jù ni kí tíṣà ṣáájú lọ, kí ẹnì kejì wá wò ó láàrin 90 ọjọ́ tí ECOWAS fún un, kí kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ Gbági ṣì wà nínú àpò rẹ̀.