Imú Bàbà Ọba Henry

Nínú gbogbo owó fàdákà tí àwọn ọba England rọ, testoon Henry Kẹjọ ló tú àṣírí ẹni tó rọ ọ́ jù. Pẹ́nì 12 ni wọ́n ń ná an; òun la wá mọ̀ sí ṣílè. Àwòrán ọba kọjú síni gbangba, imú rẹ̀ ló sì yọ síta jù. Bí owó náà ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, imú ló kọ́kọ́ ń họ, bàbà pupa á sì yọjú lábẹ́ fàdákà. Bí wọ́n ṣe sọ ọba ní Onímú Bàbà nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ìdá 925 nínú 1000 ni fàdákà inú owó England. Ṣùgbọ́n ogun Faransé àti ti Scotland ń gbowó lọ́wọ́ Henry, ló bá ń fi bàbà bu fàdákà là. Nígbà tó fi máa di 1546, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló kù. Wọ́n á tún fi omi kíkan fọ bàbà kúrò lójú owó náà, kí ó lè dán bí ojúlówó. Olè ni mo pe èyí, tálákà ni wọ́n sì jà lólè jù.

Àwọn kan yóò ní àṣẹ ọba ló ń sọ irin di owó, pé bí ọjà bá ti gbà á, kò sẹ́ni tó pàdánù. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn èèyàn kì bá tí máa kó owó àtijọ́ pamọ́, kí wọ́n máa ná àbùlà. Ní Antwerp, níbi tí àṣẹ Henry kò dé, fàdákà inú owó làwọn oníṣòwò ń wò. Thomas Gresham, tó ń bá ìjọba yá owó níbẹ̀, kọ̀wé sí Ọbabìnrin Elizabeth ní 1558 pé bíbu owó là yìí ló mú kí pọ́n-ùn já wálẹ̀ lókè òkun. Lóòótọ́, ìkórè burú lẹ́yìn ikú Henry, èèyàn sì ń pọ̀ sí i, méjèèjì sì dá kún ọ̀wọ́ngógó. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n àlìkámà kì í yọ fàdákà kúrò nínú owó.

Ní 1551, lábẹ́ Edward ọmọ Henry, ìjọba kéde pé testoon yóò di pẹ́nì 9. Wọ́n sọ ọ́ ṣáájú, ẹni tó bá ti gbọ́ sì ń wá ẹni tí yóò ti tirẹ̀ sí lọ́wọ́. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ó ti di 6. Alágbàṣe tó fi ẹyọ kan pamọ́ sínú àpótí ti pàdánù ìdajì láìná an. Ní 1560, Elizabeth ní kí wọ́n lu àmì mọ́ èyí tó kù nílẹ̀: ilẹ̀kùn odi fún èyí tó sàn, pẹ́nì 4½, ajá ọdẹ fún èyí tó burú jù, pẹ́nì 2¼. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló wá ń fi fàdákà inú owó díye lé e.